Lẹ́ńtì Tí Eegun Àwọn Ìyá Já Wálẹ̀

Ajé, 11 oṣù kẹta 2019

Àwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò sí ẹran, wàrà tàbí ẹyin títí di Àjíǹde, yìnyín sì ṣì bo ojú ọ̀nà òkè. Bọ́ọ̀sì àwọn abúlé pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó máa fi dé, gbogbo àwọn ìyá tó gbé wá ya wọ yàrá tí mo ti ń wọn eegun nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì kan ni mo ní o, kì í ṣe mẹ́wàá." Ìyá Donka ní, "Ìyàwó Asen, kí ló dé tí ẹnu rẹ mú báyìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àwẹ̀? Àbí ebi ti ń pa ọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ebi ń pa mí lóòótọ́.

Àwọn tí mo wọn eegun wọn lóṣù karùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń rùn bí ohun tuntun, ló ń padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́fà lónìí. Mẹ́rin ni nọ́ńbà líle eegun wọn já wálẹ̀. Eegun ẹ̀yìn Ìyá Donka jẹ́ 0.894 nígbà yẹn, ó di 0.801. Mo ní kó dìde, kó tún sùn, mo tún un wọ̀n. 0.803. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Mo kàn ní kó rọra máa tẹ yìnyín lọ.

Ọjọ́rú, 13

Márùn-ún lónìí, mẹ́rin já. Mi ò fẹ́ràn èyí rárá.

Ẹtì, 15

Dókítà Karadimov, ọ̀gá wa, pè mí. Kò ní kí n jókòó, ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn mọ̀ pé ilé ti ń jó. Ó tẹ́ ìwé àwọn ìyá náà sórí tábìlì.

"Zlatina, mẹ́jọ nínú mọ́kànlá. Wọ́n já tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún méjì. Ìlú wo ni eegun ti ń yọ́ báyìí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti ń dàgbà."

"Ìwọ àti èmi náà ń dàgbà. Eegun àgbàlagbà kì í já bẹ́ẹ̀, àfi tí àìsàn ńlá bá wà níbẹ̀. Ṣé àìsàn wà lára Donka? Obìnrin tó gbé àpò ọ̀dùnkún kan wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Mo tún ka àwọn nọ́ńbà orí tábìlì náà.

"Yálà ẹ̀rọ ń parọ́, tàbí ọwọ́ rẹ ń parọ́. Mi ò lè máa fi irọ́ gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ eegun. Mo fún ọ títí di Ọdún Àjíǹde. Tá a ò bá rí ìdí ẹ̀, màá ti yàrá yẹn pa, wọ́n á sì wá gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Plovdiv."

Tí ẹ̀rọ bá lọ, mo lọ nìyẹn. Iṣẹ́ míì ò sí fún mi nílùú yìí, Asen ọkọ mi sì mọ̀. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè wá sí Jámánì, tó ń sọ pé ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń wá irú mi bí ẹni ń wá omi. Ohun méjì péré tó ń dá wa dúró ni yàrá yẹn, àti ìyá rẹ̀ tí kò ní lọ síbì kankan láé.

Ilé ni mo ti sunkún, mi ò sun ún níwájú Karadimov. Ìyẹn ni mo fi yin ara mi.

Ajé, 18

Mo ṣí ìwé eegun ike, èyí tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò, látòkè délẹ̀. Àràárọ̀ fún ọdún méjì ni mo ń gbé eegun ike yẹn sórí tábìlì kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fo ọjọ́ kan. 1.003, 1.004, 1.002, 1.004. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé àárọ̀ yìí. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn ẹlẹ́ran ara bá sùn síbẹ̀?

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 20

Ó kan Màmá lónìí.

Ìyá ọkọ mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kerana lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n torí pé gbogbo ìlú ló ti bá jà. Ó ṣì ń gun igi èso ṣẹ́rì fúnra rẹ̀ láti rẹ́ ẹ̀ka. Ó bọ́ bàtà, ó gun tábìlì láìjẹ́ kí n di òun mú, ó di ojú pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún. Gbogbo ìgbà tí apá ẹ̀rọ ń rìn lórí rẹ̀ ni ètè rẹ̀ ń mì. Àdúrà ni.

0.912 ló jẹ́ nígbà yẹn. 0.806 ló jẹ́ lónìí. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti wọ̀n, kò sí ẹni tó já tó o.

Ó jókòó, ó ń so ìborí rẹ̀. "Mélòó ni mo gbà?"

"Màmá, kì í ṣe ìdánwò."

"Mo ní mélòó ni mo gbà, ìyàwó."

Mo ní dókítà ló máa sọ. Ó wò mí, ó wò mí, ó sọ̀ kalẹ̀, kò tún béèrè mọ́. Obìnrin tó máa ń bi akọ̀wé ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ títí orí á fi fọ́ ọ! Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Karadimov ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Asen ló lọ sọ fún un. Ó padà wá, ó ní, "Ó ní òun gbọ́." Mo ní, "Kò bú ẹ?" Ó ní rárá. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Ajé, 25

Ọjọ́ Ìkéde fún Màríà, tí àwẹ̀ gba ẹja láàyè. A jẹ ẹja. Oòrùn yọ.

Ọjọ́rú, 27

Plamen, ẹlẹ́rọ, ti wá, ó sì ti lọ. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, ó ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé bàbá rẹ̀ kú. Ó tú ẹ̀rọ, ó dì í padà, ó fi eegun ike tirẹ̀ wọ̀n ọ́n.

"Ìyáàfin, ẹ̀rọ yín le ju tèmi tó wà nílé iṣẹ́ lọ."

"Kí ló wá dé táwọn ìyá mi ń já?"

Ó ní kí n gbé ìwé wọn wá. Ó ka ẹ̀yìn, ó ka ìgbáròkó. Ó fi ìka lé ìgbáròkó Ìyá Donka: ti àtijọ́ 0.780, ti ìsinsìnyí 0.778. Ó fi lé ti Màmá: kò yí padà. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí ẹni ìkẹyìn. Ìgbáròkó ẹnikẹ́ni ò já. Ẹ̀yìn nìkan ló já.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ o. Mo rí i, mo sì kà á sí oríire wọn.

Ó ní, "Ẹ̀rọ tó bá ń parọ́, ibi méjèèjì ló máa ti parọ́. Ẹ má bínú, Ìyáàfin. Bóyá ọ̀nà tí ẹ gbà ń tẹ́ wọn síbẹ̀ ni."

Ó mu kọfí mi tán kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́gbọ́n.

Ẹtì, 29

Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, ẹ jẹ́ ká dán ọwọ́ mi wò. Mo fa Asen wọ yàrá lẹ́yìn iṣẹ́. Mo tẹ́ ẹ, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé tìmùtìmù, mo wọ̀n ọ́n. Mo ní kó dìde, kó rìn yípo yàrá. Mo tún tẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ní, "Ṣé eegun lò ń wọ̀n ni àbí o fẹ́ gbé mi sin?"

1.121. 1.118. 1.123. Ọwọ́ mi ò mì. Inú mi dùn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí n tó rántí pé èyí náà ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Mo tún gbé tìmùtìmù àtijọ́ jáde láti yàrá ẹrù, èyí tí a ń lò lọ́dún méjì sẹ́yìn kí eku tó jẹ igun rẹ̀. Mo fi dán Asen wò. Kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹrin

Lónìí mo yẹ aṣọ wò, torí irin lè fara hàn bí eegun. Bọ́tìnnì, ìkọ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì, àgbélébùú ọrùn, ẹ̀gbà, pín-ìn-nì abẹ́ ìborí. Gbogbo wọn ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sùn, mo sì ń gbà á láti ọjọ́ kìíní. Ìyá kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní yọ eyín mi náà?" Mo ní tó bá jẹ́ irin, kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

Tòmátì di owó léfà márùn-ún kílò kan. A ń jẹ ẹ̀wà. A jẹ ẹ lánàá, a óò jẹ ẹ lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 9

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti wọ̀n báyìí, ogún ló já. Odò kún, ó gbé afárá onígi àwọn apẹja lọ.

Ẹ̀gbọ́n Asen pè láti Jámánì bí a ti ń jẹun. Asen gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní ilé ti wà, ó ní kí a mú ìpinnu kí oṣù karùn-ún tó parí. Asen wò mí. Mo ní, "Tí wọ́n bá ti yàrá pa, a óò lọ." Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu mi báyìí, mo sì gbọ́ bó ṣe dún.

Màmá fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun ti yó. Àwo rẹ̀ kún fọ́fọ́.

Ẹtì, 12

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo èyí kí n tó sùn, bí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ màá rò ní àárọ̀ pé mo lá a ni.

Àǹtí Shefkie sọ̀ kalẹ̀ láti abúlé òkè, òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ, mo wọ̀n ọ́n. 0.868 nígbà yẹn. 0.871 lónìí. Kò já! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu.

Mo wá fa ìwé gbogbo àwọn tí kò já jáde. Méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀, òun ló sọ wọ́n di mẹ́jọ. Méje nínú mẹ́jọ náà wá láti abúlé òkè. Ẹnì kẹjọ ni Tíṣà Rumyana tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kí ló da Tíṣà Rumyana pọ̀ mọ́ àwọn Mùsùlùmí abúlé òkè? Kì í ṣe omi, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo wò ó títí. Àfi ohun kan ṣoṣo: nínú gbogbo wa, àwọn nìkan ni kò gbààwẹ̀. Àwọn yẹn ní àwẹ̀ tiwọn ní oṣù tiwọn, Tíṣà Rumyana ní tirẹ̀ sì ti ń bá Ọlọ́run ṣe gbólóhùn asọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

Àwẹ̀. Kí ni àwẹ̀ lè gbà lára eegun láàárín ọjọ́ mélòó kan?

Mo tún wo àwòrán Shefkie. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn kẹta, àti lórí rẹ̀ gan-an, àwọn nǹkan funfun tó wẹ́ bí iyanrìn wà níbẹ̀, tí èèyàn lè kà sí ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

"Àǹtí mi, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kí ni mo fẹ́ jẹ? Búrẹ́dì. Wàrà. Oògùn eegun mi."

"Oògùn wo?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Èèpo ẹyin mà ni, Zlatina. Mo gún un, mo po ó mọ́ oyin, mo fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Ṣíbí mẹ́ta lálẹ́ àná, mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́?"

"Àwọn wo ni 'a' yẹn?"

"Gbogbo wa! Ìyá ọkọ rẹ ló kọ́ wa nígbà yẹn. Ó lọ láti ilé dé ilé. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, ó ní kí eegun wa má lọ dójú tì í. Àwa rò pé ìwọ lo rán an."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ilé mi ló ń gbé. Ó ń se ẹ̀wà fún mi.

Àbámẹ́ta, 13

Mo lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Mo ṣí àwòrán ọdún méjì sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Donka: iyanrìn funfun. Màmá: ó pọ̀ bí ìràwọ̀. Gbogbo wọn ló ní i. Èmi ni mo yà á, èmi ni mo wò ó, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ò mọ èyí tó jẹ́ eegun yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìfun, gbogbo ohun líle tó bá rí ló ń kà pọ̀; ìfun ò sì kọjá níwájú ìgbáròkó, ìdí nìyẹn tí ti ibẹ̀ ò fi já. Èmi ló yẹ kí n mọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n lo oògùn kálísíọ̀mù, gbogbo wọn a sì ní rárá. Wọn ò parọ́. Mi ò bi wọ́n nípa ẹyin.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn lábẹ́ ìtìjú náà, mi ò lè pa á mọ́ra: eegun wọn ò já! Kò sí ẹni tí eegun rẹ̀ yọ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Àìkú, 14

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọ ilé ìdáná.

"Màmá, èèpo ẹyin."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ?"

"Ṣé ẹni tó sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì báyìí?"

"Shefkie ni. Ẹnu obìnrin yẹn ò ní ìlẹ̀kùn."

"Màmá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Mo wà nínú àwẹ̀."

Mo pariwo. Mo sọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi, láti orí Karadimov dé orí Plamen tó ní ọwọ́ mi ni. Mo ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mi ò fi sùn. Ó jẹ́ kí n parí. Kì í jẹ́ kí èèyàn parí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n parí.

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn dé, ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ìdí kànga ni? Wọ́n ní tí èsì bá burú, wọ́n á ní àwọn ará ìlú yìí ti gbó tán, wọ́n á kó ilé ìwòsàn lọ bí wọ́n ṣe kó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Mo wá rò ó. Tí ẹ̀rọ bá lọ, kí ni ìwọ fẹ́ dúró ṣe níbí? Mo ti gbé ọkọ sin. Mo ti bá ọmọ kan gbé àpótí ẹrù dé ibùdókọ̀. Mi ò ní okun láti tún gbé òmíràn."

Ó ju òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà.

"Èèpo ẹyin Àjíǹde ni mo fún wọn, èyí tí àlùfáà ti wúre sí. A kì í dà á nù, oko là ń sin ín sí kí ọkà lè ta. Mo ní tó bá lè mú ọkà ta, ó lè mú eegun ta. Àwọn ará òkè lo tiwọn, ẹyin lásán. Ibi wo ló wà níbẹ̀? Mo ní tó bá wọ eegun, ire ni. Tí kò bá wọ̀ ọ́, kí ni ó ṣe?"

"Kò wọ eegun, Màmá. Àwòrán ló wọ̀."

"Ní báyìí, Lẹ́ńtì ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n fi ẹyin kan ẹnu. Gbogbo àwa tó ń gbààwẹ̀ gòkè lọ bá ẹ̀rọ rẹ lọ́wọ́ òfìfo."

"Ẹ sì rí i tí wọ́n ń já. Ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti yàrá pa. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Mo rò pé Ọlọ́run ló ń bá mi wí. Ojú sì ń tì mí níwájú rẹ, Zlatina."

Kò pè mí lórúkọ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo jókòó tì í. A jọ ṣa ẹ̀wà yẹn tán, inú kò sì bí wa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18

Àǹtí Shefkie tún sọ̀ kalẹ̀ nítorí mi, ó ní òun ò fọwọ́ kan èèpo ẹyin láti ọjọ́ Ẹtì. 0.789. Mo gbá a mọ́ra. Ó ní, "Ó já, o sì ń gbá mi mọ́ra? Irú ọmọ wo lèyí?"

Ìṣẹ́gun, 23, ọ̀sẹ̀ ìjìyà

Karadimov ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ìtàn àwọn ìyá arúgbó ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá dúró níbí." Mo gbé eegun ike sórí tábìlì, mo wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. 1.004. Mo mú ìgò tí Shefkie fi sílẹ̀ fún mi, mo bu ṣíbí mẹ́ta sínú ọ̀rá, mo tẹ́ ẹ sórí eegun ike náà, mo tún wọ̀n ọ́n.

1.097.

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó tún un wọ̀. Ó ní kí n gbé ọ̀rá náà kúrò, kí n tún un ṣe. 1.003. Kí n gbé e padà. 1.095.

"Ẹyin," ló wí.

"Ẹyin, ọ̀gá. Pẹ̀lú oyin."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú ikùn. Mi ò tíì rí i kí ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ó di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó wá sọ ọ̀rọ̀ gidi: kí n tún mẹ́ta wọ̀n lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, láìjẹun, láìlá nǹkan kan, kí Màmá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tí nọ́ńbà wọn bá bá ti Lẹ́ńtì mu, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà tán kó tó tún pè mí. Ó ní, "Zlatina. Mo sọ ohun tí kò yẹ nípa ọwọ́ rẹ."

Mo ní kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan gan-an.

Àìkú, 28, Ọdún Àjíǹde

Kristi jí! Ẹyin pupa, ọ̀dọ́ àgùntàn, wàrà, gbogbo ohun tí a ti ń lá lálàá. A ń fi ẹyin kọlu ẹyin bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún; ti Asen fọ́ ti gbogbo èèyàn, ó ń yangàn káàkiri ilé. Màmá kó gbogbo èèpo jọ sínú àpò kékeré. Mo kàn wò ó ni. Ó ní, "Oko ni mò ń lọ, má fi ojú yẹn wò mí." Ó lọ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbìn ẹ̀wà lóòótọ́. Mo fi ojú tẹ̀ lé e láti ojú fèrèsé.

Ìṣẹ́gun, 30

Ìyá Donka: 0.802. Ìyá kejì: nọ́ńbà rẹ̀ ti ìgbà Lẹ́ńtì gan-an. Karadimov wá dúró lẹ́yìn mi fúnra rẹ̀. Ó ní òun á kọ̀wé lọ́la pé ẹ̀rọ náà ò lọ síbì kankan, ó sì lọ bá àwọn aláìsàn rẹ̀. Báyìí ni ó parí, láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo pe Asen ní ibi tí ó ti ń la pákó, ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, mo ń pariwo, "A ò lọ! A ò lọ!" Ó ní, "Kí lo wí?" Mo ní, "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un pé a dúpẹ́ o, a ò lọ mọ́!"

Màmá ló kẹ́yìn. Kó tó sùn, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà fún mi, ó gbé ahọ́n sókè, kí n lè rí i pé kò fi nǹkan pamọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí tí mi ò fi lè tẹ bọ́tìnnì.

0.807.

Mo wò ó. Inú mi dùn, torí òun ló parí ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ni mo tún nọ́ńbà náà kà. Nọ́ńbà yìí ni nọ́ńbà rẹ̀ gangan láti ọjọ́ kìíní, ọdún méjì sẹ́yìn. Báyìí ni eegun rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń gun igi ṣẹ́rì. Báyìí ló ṣe rí nígbà tó ń gun òrùlé lọ tún páànù ṣe nígbà òtútù, tí Asen dúró nísàlẹ̀ tó ń pariwo, tí èmi ń sọ fún un pé, "Fi í sílẹ̀, eegun Màmá le ju tìrẹ lọ, èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Ó jókòó sí etí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. "Ṣé mo yege?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní eegun yín ò dára, Màmá, kò dára láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni abẹ́rẹ́ tó ń mú eegun le máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé èmi ló máa mú òun wá. Mo ní èmi ni. Ó ní ó dáa tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ń bá a wọ bàtà, ó sì rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Ó ní kí ló tún dé, ṣé wọn ò ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wa ni? Mo ní, "Ẹ ò ṣubú, Màmá. Ọdún méjì gbáko, ẹ ò ṣubú."